Ojú Géèjì Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Bí A Ṣe Ń Tún Géèjì Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Láì Ba Ojú Rẹ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin rewáyà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi ọkọ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ pamọ́ tí ẹ kò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́, mo kí gbogbo yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ bí a ṣe ń tún géèjì inú ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn mí tipẹ́ ni.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, tàbí Píjò 504 bàbá rẹ̀ ṣe, panẹbítà ni yóò kọ́kọ́ lọ bá. Wọn á jó ara ọkọ̀, wọn á kùn ún funfun bíi lékeléke, wọn á pààrọ̀ àga, wọn á fi króòmù tuntun sí bọ́ńpà. Gbogbo àdúgbò á bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó sídìí sítẹ́ẹ̀rìn, ẹ ó rí i pé ojú géèjì ti ṣú, abẹ́rẹ́ epo ti sùn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, igi ni awakọ̀ ń kì bọ tánkì kó tó mọ iye epo tó kù. Mo mọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tí ọkọ̀ fi ń wo ọ̀nà wà níwájú, gbogbo ayé ló ń rí i. Ojú tó fi ń bá ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀ ni géèjì. Ọkọ̀ tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, tí kò lè sọ pé ara òun ti ń gbóná, a kò tíì tún un ṣe, a kàn kùn ún ni.

Iṣẹ́ aago ni mo kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀. Ní Takie, lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọ̀gá mi gbé àpótí onígíláàsì rẹ̀ sí. Bàbá Aláago ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí fóònù wọ̀lú tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ aago mọ́, ọjọ́ kan lọ́kùnrin kan gbé mítà eré Ìjàpá rẹ̀ wá pé bóyá Bàábá lè bá òun wò ó. Ọ̀gá mi tú u, ó tẹ gíláàsì ìwoṣẹ́ mọ́jú, ó sì pè mí: "Wá wo sípíríngì aago nínú ọkọ̀." Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ìkarahun ìgbín kékeré ni sípíríngì náà ṣe ká jọ, ó tín-ín-rín ju irun lọ, ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí èyí tí mo ti ń bá ṣeré láti kékeré.

Mítà kejì tí ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́, ti Mọ́rísì kan ni. Mo rí i pé ó dọ̀tí, mo ki òwú bọ bẹntiróòlù, mo fi nu ojú rẹ̀. Ìdọ̀tí lọ lóòótọ́. 40 àti 50 bá a lọ. Àwọ̀ nọ́ńbà náà wà lára òwú lọ́wọ́ mi, ojú mítà sì wà níwájú mi láìní 40, láìní 50. Ọ̀gá mi ò lù mí, kò sì bú mi. Ó ní kí n fúnra mi gbé e lọ bá ẹni tó ni ín, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó wò ó pẹ́ títí, ó ní, "Ojú yìí ni mo ń wò nígbà tí mò ń kọ́ ọkọ̀ wíwà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo bá nù kúrò lójú géèjì, n kò lè dá a padà. Ohun tí mo bá fi sílẹ̀, mo ṣì lè padà wá bá a lọ́la. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú mítà eré, kí ẹ lè mọ ìdí tí a fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Otto Schulze, ará Strasbourg, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1902. Kébù kan ń yí nínú awọ rẹ̀, orí kébù náà ló ń yí òòfà kékeré kan. Òòfà yìí wà létí ife alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan, ṣùgbọ́n kò kàn án. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òòfà kì í fa alumíníọ̀mù: ẹ gbé e lé ìkòkò ìyá yín, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná á dìde nínú ara ife náà, iná yẹn á mú kí ife fẹ́ máa tẹ̀lé òòfà yí. Abẹ́rẹ́ wà lórí ife, sípíríngì tín-ín-rín náà sì ń fà á padà. Níbi tí ìfà méjèèjì bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ á dúró sí, ibẹ̀ la sì ń kà pé 60 tàbí 80.

Nítorí náà, bí eruku ọyẹ́ bá wọ àárín òòfà àti ife, abẹ́rẹ́ á máa há. Bí sípíríngì bá rọ̀, mítà á máa parọ́ lọ sókè. Bí òòfà bá ti ṣàárẹ̀, á máa parọ́ wá sílẹ̀. Bí ẹ bá sì da ọ́ìlì sí i, ọ̀rẹ́ eruku lẹ pè wọlé yẹn. Mo ti rí mítà tí wọ́n fín ọ́ìlì sí láti ẹ̀yìn títí ó fi ń kán lójú gíláàsì. Ibì kan ṣoṣo ló fẹ́ ọ́ìlì: ẹnu ibi tí kébù ti wọlé, ẹ̀kán kan ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ. Ẹ̀kán kan ni mo wí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fa wáyà kan ṣoṣo, ẹ fi fóònù yín ya ẹ̀yìn géèjì ní fọ́tò, kí ẹ sì so bébà tí ẹ kọ nọ́ńbà sí mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Àwọ̀ wáyà ọkọ̀ tó ti pé 50 ọdún, gbogbo rẹ̀ á ti jọ ara wọn.

Ẹnu géèjì ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Òrùka irin tó di gíláàsì mú kì í ṣe ọ̀kan náà. Lára àwọn géèjì Smiths ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òrùka náà ní eyín kéékèèké: tí ẹ bá rọra yí i títí eyín á fi bọ́ sí ojú àyè, á ṣí. Lára àwọn VDO ti Jámánì, irú èyí tó wà nínú Ìjàpá, wọ́n ṣẹ́ etí òrùka náà bọ ẹ̀yìn bí ìgbà tí télọ̀ bá ṣẹ́ etí aṣọ. Bí a ṣe ń tú ìṣẹ́tí aṣọ náà la ṣe ń tú u: sukurudíráfà pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú, ẹ gbé etí náà sókè díẹ̀, ẹ sún síwájú, ẹ tún gbé e díẹ̀, títí ẹ ó fi yí i ká, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ojú kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òrùka á wọ́, kò sì ní jókòó dáadáa mọ́ láéláé. Ó lè gba wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó gbà á.

Bó bá ṣí tán, ẹ má gbé ẹnu sí i láti fẹ́ eruku, itọ́ á tà sí i. Ẹ má sì gbé e síwájú kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ àwọn fókanáísà, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn á ká abẹ́rẹ́ bí ewé. Rọ́bà tí àwọn ìyá fi ń fa ikun nímú ọmọ jòjòló ni mò ń lò, tuntun ni mo rà. Lẹ́yìn ìyẹn, búrọ́ọ̀ṣì irun ọmọ tuntun, èyí tó rọ̀ jùlọ. Lójú géèjì mẹ́wàá, bí márùn-ún ò ní fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò kàn rí i pé ojú rẹ̀ là. Fún àwọn tó kù, ẹ̀kán ọṣẹ ọmọdé nínú omi tó mọ́, òwú tí a fún títí kò fi kán mọ́. Etí tí òrùka ń bò mọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Bí òwú bá mú àwọ̀ jáde, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí géèjì náà máa gbé pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀. Bí kò bá mú u, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Nọ́ńbà náà dùbúlẹ̀ lórí ọ̀dà ni, kò wọnú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń tẹ ojú tuntun lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kì í jọ ti àtijọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì ṣí nínú oòrùn ọ̀sán wa yìí, bébà á dìde, á dí abẹ́rẹ́ lọ́nà. Bí ojú àtijọ́ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orí páálí irin míì ni kí ẹ gbé e lé, kí ẹ fi ti àtijọ́ fún olówó rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí oòrùn ti pa láwọ̀, ẹ lè kùn ún, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀dà tó nípọn wúwo, abẹ́rẹ́ tó wúwo á sì máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: òdo tí abẹ́rẹ́ fara tì kì í ṣe ibi tí sípíríngì fẹ́ kó wà. Irin kékeré kan ló dá a dúró níbẹ̀. Ẹ rọra gbé abẹ́rẹ́ fo irin náà, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi níbi tó bá wù ú, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibẹ̀ lórí téèpù. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ padà fi í sí, kí ẹ tó gbé e fo irin náà padà sí òdo. Ẹni tó bá yọ ọ́ láì sàmì, mítà rẹ̀ á máa ṣi ìṣirò títí ayé.

Ti gíláàsì rọrùn: omi àti ọṣẹ. Inú rẹ̀ ni kùrukùru sábà máa ń wà, kì í ṣe òde, torí náà bí ẹ bá nu òde títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ike tó mọ́ gaara, ẹ má fi tínà tàbí bẹntiróòlù kàn án, á funfun bí omi ògì, kò sì ní padà sípò. Ọṣẹ ìfọyín tàbí Brasso lórí aṣọ rírọ̀ á mú ìhá kúrò lára rẹ̀. Ẹ tún wo inú agolo géèjì. Wọ́n kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ fífúyẹ́ kí iná lè tàn padà sójú nọ́ńbà. Bí ọ̀dà yẹn bá ti bó, ọ̀dà funfun díẹ̀ á ṣe ju gílóòbù ńlá lọ. Gílóòbù ńlá á yọ́ ike.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn yìí dáadáa, nítorí ti ẹ̀mí ni. Láyé àtijọ́, ṣáájú nǹkan bí 1960, wọ́n máa ń kun nọ́ńbà àti abẹ́rẹ́ géèjì mìíràn, aago náà ńkọ́, ní ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Rédíọ̀mù, èròjà tí ìtànṣán rẹ̀ ń ba ara èèyàn jẹ́, wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá rí ọ̀dà tó nípọn, tó ti pọ́n bí ìpara gbígbẹ tàbí tó ti dúdú, lójú géèjì tó ti pẹ́ gan-an, ẹ má tú u. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Pé kò tàn mọ́ kò fi hàn pé ó ti kú. Èròjà tó ń tàn ló ti rẹ̀, rédíọ̀mù wà níbẹ̀: 1600 ọdún ló máa gbà kó tó dín kù sí ìdajì. Ní Amẹ́ríkà, ní bí 100 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago máa ń fi ètè ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Egungun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ wọn kú. Ọ̀gá mi náà máa ń fi ètè ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Èmi náà ṣe é. Ẹ má ṣe é. Irú géèjì bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú àpò ọ̀rá tí a dì pa, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí kébù. Ọ̀pọ̀ mítà tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó ń jó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín 40 sí 70, kò sí ohun tó ṣe é. Kébù ló gbẹ tàbí tó ṣẹ́. Ẹ fa tinú rẹ̀ jáde, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ na án sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí ẹ yí i, ẹ ó rí i bó bá ní ìkọ́. Tó bá ti ní ìkọ́, ẹ ra tuntun. Tó bá dára, gíríìsì díẹ̀, kí ẹ sì fi bí ìka mẹ́ta tó kù sí ẹ̀gbẹ́ mítà sílẹ̀ ní gbígbẹ, nítorí gíríìsì máa ń gun òkè wọnú mítà. Nínú Ìjàpá, kébù yìí kì í ti gíábọ́ọ̀sì wá. Táyà iwájú ọwọ́ òsì ló ń yí i: ó gba àárín ìdí táyà kọjá, orí rẹ̀ onígun mẹ́rin wọ ihò onígun mẹ́rin tó wà láàárín ìdérí gíríìsì, píìnì kékeré kan ló dì í mú. Ọkùnrin kan ti ra mítà mẹ́ta fún Ìjàpá rẹ̀ kó tó wá bá mi. Píìnì yẹn ni fókanáísà kan gbàgbé láti dá padà. Ó dùn mí fún un.

Géèjì epo àti ti ooru, inú wọn kò le, àmọ́ àwọn ló ń fa awuyewuye láàárín rewáyà àti onímọ́tò. Mo ní ìbéèrè kan tí mo máa ń kọ́kọ́ bi: ṣé ọ̀kan ló ń parọ́ ni, àbí méjèèjì? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọdún 1960 àti 1970, sitábíláísà kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fún géèjì méjèèjì ní fóòtì 10. Bí méjèèjì bá jọ ń parọ́ pọ̀, ẹ lọ bá sitábíláísà náà, kí ẹ wo wáyà áàtì rẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún. Bó bá jẹ́ ti epo nìkan ni, ẹ lọ sídìí tánkì. Irin inú rẹ̀ tó gbé fúlóòtù, ohun tó ń léfòó lórí epo, dání lè ti dógùn-ún, tàbí kí fúlóòtù náà ti lu, kó ti mu epo yó, kó sì sùn sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ géèjì tó dá ṣáṣá nítorí fúlóòtù. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nídìí tánkì, ẹ yọ orí bátìrì, kí iná sìgá má sì sí nítòsí.

Géèjì ooru àtijọ́ mìíràn kò ní wáyà rárá. Ọ̀pá bàbà tín-ín-rín kan ló ti inú ẹ́ńjìnnì wá, ó ní oògùn tó máa ń fẹ́ bó bá gbóná, tó ń tẹ abẹ́rẹ́ sókè. Ẹ má gé e, ẹ má ká a ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti là, tán. Ti ọ́ìlì náà sún mọ́ ọn: ara Faransé kan, Eugène Bourdon, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1849 lórí ọ̀pá tó ká tó ń fẹ́ na ara rẹ̀ bí agbára bá wọ inú rẹ̀, ọ̀pá náà ló ṣì wà nínú géèjì ọ́ìlì àwọn Mẹ̀sí àtijọ́ kan. Ọ́ìlì gidi ló ń wá títí dé ẹ̀yìn géèjì, torí náà ẹ fi àkísà sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Ìjàpá kò ní géèjì ooru, nítorí atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Iná pupa kan ló ní. Àwọn èèyàn rò pé ti ṣájì bátìrì nìkan ni. Bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò náà ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn, ẹ́ńjìnnì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná ní ìṣẹ́jú náà. Bó bá jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ti kú, tàbí ìdọ̀tí ti bo gíláàsì pupa rẹ̀, láti ibí dé Ọ̀yọ́, bí 50 kìlómítà, ẹ ó ti pàdánù ẹ́ńjìnnì nítorí gílóòbù kékeré. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún mítà Ìjàpá ṣe, ìyẹn ni mo máa ń wò gbẹ̀yìn: mo á ṣí kíì, bí pupa bá tàn tí ẹ́ńjìnnì ò tíì dá, mo á jẹ́ kó lọ.

Ọ̀rọ̀ máílèèjì. Àwọn ọkọ̀ tó ti wà kí Nàìjíríà tó kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, máìlì ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Máìlì kan jẹ́ 1.609 kìlómítà. Bí wọ́n bá fi mítà ọkọ̀ míì pààrọ̀ tiyín, ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà lójú Smiths, bí 1000 tàbí 1280: iye ìgbà tí kébù máa yí nínú máìlì kan ni. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, mítà náà á máa parọ́ bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ lè fi fóònù yín dán an wò lójú ọ̀nà Ìlọrin, ẹni kan á wakọ̀, ẹni kejì á máa ka Google Maps.

Àwọn kan máa ń wá bá mi pé kí n dá nọ́ńbà padà sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè rí bí tuntun kí wọ́n tó tà á. N kì í ṣe é. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ní nọ́ńbà márùn-ún, bó bá dé 99,999, òdo ló ń padà sí fúnra rẹ̀, ìyẹn gan-an ti tó ṣini lọ́nà. Tí mo bá pààrọ̀ mítà, mo máa ń kọ iye tó wà lójú ti àtijọ́ àti ọjọ́ tí mo yọ ọ́ sórí bébà, mo á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn agolo náà. Ẹni tó máa tú u ní 30 ọdún sí i á rí i.

Mo gbé mítà Ìjàpá kan dání, ó wà lórí tábìlì yẹn, mo ti ṣí ẹnu rẹ̀, mi ò tíì fi òwú kàn án. Òwú wà níbẹ̀, omi ọṣẹ wà nínú ife. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ nu gíríìsì ọwọ́ yín, etí rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.